Bọ̀dá Káàtó

Bí ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀ níbi àríyá, ẹ má wo aṣọ rẹ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀ nígbà tí gìtá bá dún nínú orin tí wọ́n ń lù. Àwọn yòókù á máa mi orí, àwọn kan á ti dìde jó. Òun á dijú, á na ìka kan sókè, á wá sọ fún ẹni tó jókòó tì í, yálà onítọ̀hún béèrè tàbí kò béèrè: "Ẹ gbọ́ yẹn? Les Paul ni. Marshall ni wọ́n so ó mọ́. Fáàfù KT66 ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe EL34." Ẹni tó jókòó tì í, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹran tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wà lọ́kàn ẹ̀, á ní, "Ẹ kú làákàyè, ẹ̀gbọ́n."

Irú wọn pọ̀ nílùú Òyìnbó. Wọ́n wà láàrin àwọn dókítà eléyín, wọ́n wà láàrin àwọn lọ́yà àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, irun orí ọ̀pọ̀ wọn sì ti ń kó ẹrù. Ṣùgbọ́n ọmọ wa ni èyí tí mo fẹ́ júwe, ọmọ Yorùbá tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tó níyàwó, tó bímọ, tí kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àfi káàdì. Gbogbo gìtá tó bá rà, gbogbo ẹ̀rọ tó bá so mọ́ ọn, ìdájọ́ kan náà ló ń bá a bọ̀: "Kò burú o, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó." Bọ̀dá Káàtó ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é tó bá ti kẹ̀yìn.

Ohùn kan ṣoṣo ló ń wá. Ní ọdún 1966, ilé-iṣẹ́ Decca gbé àwo orin kan jáde fún ẹgbẹ́ John Mayall, tí Eric Clapton ta gìtá nínú rẹ̀. Ẹni ọdún 21 ni Clapton nígbà náà. Nínú fọ́tò iwájú àwo yẹn, ìwé àwòrán ẹ̀fẹ̀ ọmọdé kan tó ń jẹ́ Beano ló ń kà, kò tilẹ̀ gbójú sókè wo kámẹ́rà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọlẹ́yìn fi ń pe àwo náà ní Beano títí dòní. Les Paul àlòkù tí Gibson ṣe ní nǹkan bí ọdún 1960 ló gbé kọ́rùn, áńpù Marshall onísípíkà méjì ló so ó mọ́. Bó bá tẹ okùn kan, ohùn á ki, á ha, á wá fà lọ bí ẹni tó ń sunkún tí kò fẹ́ kí wọ́n rẹ òun lẹ́kún. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n jí gìtá ọ̀hún gbé lọ́wọ́ Clapton. Bọ̀dá Káàtó ṣì ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀. Wọn ò tíì bí i nígbà tí wọ́n jí i o.

Owó kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀, n kò sì ní purọ́ mọ́ ọn: ìgbà yẹn gan-an ló sún mọ́ ibi tó ń lọ jù. Ó ra Epiphone tokunbọ̀, tó jẹ́ àbúrò Les Paul, abẹ́ Gibson kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ó ra áńpù kékeré onífáàfù, oníwáàtì 5, lọ́wọ́ ọmọ yunifásítì kan tó ń kó kúrò nílé. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò dé £300. Ó yí fọ́líọ̀mù dé òpin, ló bá kọlu okùn. Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti kíṣìnnì.

"Dádì, ìyẹn mà dáa o."

"Kò burú, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó."

Kí ló kù? Kò lè sọ. Ó ṣáà mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ó kù.

Ìdí tí áńpù kékeré yẹn fi dùn kò ṣòro. Fáàfù ni àwọn gílóòbù tó ń ràn nínú áńpù àtijọ́. Bí a bá ní kí wọ́n gbé ìró tó ju agbára wọn lọ, wọn á gé orí ìró náà kúrò, ibi tí wọ́n ti gé e yẹn ni adùn ti ń wá. Áńpù oníwáàtì 5 tètè ń débẹ̀. Èyí tí Clapton lò, tó tó nǹkan bí wáàtì 45, kì í débẹ̀ àfi tí ariwo bá fẹ́ gbé ilé lọ. Clapton sì jẹ́ kí ó pariwo. Ní stúdíò Decca tó wà ní West Hampstead, ó kọ̀ jálẹ̀ pé bí òun ṣe ń ta á lójú agbo lòun máa ta á níbẹ̀, orí ẹnjiníà tó ń gba ohùn sílẹ̀ gbóná. Nítorí náà, ariwo wà lára ohùn yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun gan-an ni ohùn náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sórí ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni pẹ́dàlì wọlé. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Tube Screamer, àpótí kékeré aláwọ̀ ewé tí Ibanez ń ṣe ní Japan, tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Stevie Ray Vaughan, onígìtá ará Texas, lò ó gan-an. Bọ̀dá ra tuntun. Ó kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n ní ti àkọ́kọ́, TS808, ló ní ohùn, pé síìpù kan tí wọ́n ń pè ní JRC4558D ló fà á. Owó síìpù yìí kò tó ti búrẹ́dì, ó sì kún inú oríṣiríṣi ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú láyé ìgbà yẹn. Bọ̀dá wá a, ó rí i, ó jó o mọ́bẹ̀, ó jó ìka ara rẹ̀ mọ́ ọn. Mo wá bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé ṣé pẹ́dàlì yìí wà láyé nígbà tí wọ́n ṣe àwo Beano. Kò sí, ó ku ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó ṣe é. Ó ní kò lè yé mi. Kò sì yé mi lóòótọ́.

Kapásítọ̀ ńkọ́? Nínú ikùn àwọn Les Paul àtijọ́, kapásítọ̀ kékeré kan wà tó ní ìlà aláwọ̀ mèremère lára, tí wọ́n ń pè ní bumblebee. Àwọn kan ń san ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn lórí méjì péré. Ìgbà tí èèyàn bá yí bọ́tìnì tóònù wálẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń hàn dáadáa. Bọ̀dá kì í yí tóònù wálẹ̀. Ó rà á.

Bẹ́ẹ̀ ni owó kékeré di owó àárín, n kò ní fi ìyẹn fa ọ̀rọ̀ gùn, torí pé orí káńtà ilé ìtajà Denmark Street ló ti ná an, tó sì ti ta ohun tó rà padà ní ìdajì owó. Ẹ jẹ́ ká lọ sórí owó ńlá.

Les Paul tí Gibson ṣe láàrin 1958 sí 1960, èyí tí àwọ̀ ara rẹ̀ jọ ojú ọ̀run nírọ̀lẹ́, ti di ohun tí wọ́n ń ta ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún dọ́là. Bọ̀dá kò ní ilé méjì tó lè tà. Ṣùgbọ́n Gibson ṣàánú irú wọn: wọ́n ń ṣe àdàkọ rẹ̀ ní Nashville, wọ́n sì ń bá oníbàárà ha gìtá tuntun lára kó lè jọ ti àtijọ́. Ìhà fẹ́ẹ́rẹ́ ní iye tirẹ̀, ìhà líle ní iye tirẹ̀, èyí tí wọ́n bá sì bà jẹ́ jù ló wọ́n jù. Nígbà tí bọ́nọ́ọ̀sì wọlé, Bọ̀dá san ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn. Wọ́n gbé e dé nínú páálí, ó tú u bí ẹni ń tú ọmọ ìkókó. Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré wò ó títí, ó ní, "Dádì, wọ́n ti bà á jẹ́. Ẹ dá a padà."

Àwọn gìtá kan wà tí ara wọn bó nítòótọ́. Rory Gallagher, ọmọ Ireland, ra Stratocaster kan ní ìlú Cork ní 1963, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 15. £100 ni, àwìn ló sì rà á. Òógùn rẹ̀ ló bó ọ̀dà ara gìtá náà, láti orí ìtàgé kan dé èkejì, fún bí ọgbọ̀n ọdún. Ní 2024, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n tà á lórí gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù ní iye tó ju £800,000 lọ. Ti Bọ̀dá Káàtó, òṣìṣẹ́ kan ló bá a ha á, ní wákàtí iṣẹ́, tó sì gba owó oṣù rẹ̀.

Ó tún ra Marshall, àdàkọ ti Clapton gẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí ìyàwó àti àwọn ọmọ lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Dagenham, ó ráyè. Ó tan áńpù, ó dúró kó gbóná. Ó gbé gìtá kọ́rùn, ó nu ọwọ́. Ó yí fọ́líọ̀mù sí 1: ohùn mọ́ tónítóní, kò ha rárá. Ó yí i sí 2: gíláàsì fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó yí i sí 3: fọ́tò ìgbéyàwó wọn já bọ́ lára ògiri. Ohùn kò tíì ha. Ó na ọwọ́ sí 4, aládùúgbò sì ti dé ẹnu ọ̀nà, ìyá arúgbó Òyìnbó kan, tó fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá àwọn tó ń tún títì ṣe ti dé.

Kí ló ṣe? Ó ra ẹ̀rọ mìíràn ni, èyí tí wọ́n ń so sáàrin áńpù àti sípíkà, tó ń gbé agbára áńpù mì kí ariwo má bàa jáde.

"Dádì, kí tún lèyí?"

"Ó ń dín ariwo kù ni, Mọ́mì."

"Ẹ ra èyí tó ń pariwo, ẹ tún wá ra èyí tó ń pa á lẹ́nu mọ́?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Áńpù ò ní mọ̀ pé wọ́n ti pa òun lẹ́nu mọ́."

"Ariwo ọ̀hún wá ń lọ síbo?"

"Ó ń di ooru."

"Ẹ bá mi gbé e lọ sí yàrá àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́. Gáàsì ti wọ́n."

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ibi tí Marshall fúnra rẹ̀ ti wá. Onílù ni Jim Marshall, ó ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin ní Hanwell, ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá síbẹ̀ ń fẹ́ áńpù Fender ti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga jù wọ́n lọ. Ní 1962, Marshall àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ tú Fender Bassman wò, wọ́n sì fi èròjà tí ọwọ́ wọn tó ṣe irú rẹ̀. Àdàkọ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò ká ojúlówó ni, òun ni Bọ̀dá wá ń ra àdàkọ rẹ̀ ní owó gọbọi. Clapton náà, fọ́tò onígìtá kan tó ń jẹ́ Freddie King, tó gbé Les Paul dání lórí àwo kan, ló rí tó fi lọ wá Les Paul tirẹ̀. Píkọ́ọ̀pù gìtá King yàtọ̀ sí ti èyí tó rà, áńpù rẹ̀ sì yàtọ̀. Ó ń lépa ohùn King, kò bá a. Ó kù díẹ̀ káàtó, ohun tó kù yẹn ni wọ́n ń tà lónìí.

Hound Dog Taylor, onígìtá kan ní Chicago, kò tilẹ̀ bá wọn dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Gìtá Japan olówó pọ́ọ́kú ló ń ta. Nítorí àtigbà orin ọkùnrin yìí sílẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ilé-iṣẹ́ àwo orin Alligator sílẹ̀ ní 1971. N kò tíì gbọ́ kí Bọ̀dá Káàtó dárúkọ rẹ̀ rí; kò sí ohun ìní rẹ̀ tí èèyàn lè rà.

Ọmọkùnrin kan sì wà ní ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Old Kent Road, tó ń ta gìtá tí okùn rẹ̀ ti dípẹtà. Inú míkísà ṣọ́ọ̀ṣì ló ń ki wáyà rẹ̀ bọ̀ tààrà, kò ní áńpù. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ìyìn, àwọn ìyá á bọ́ bàtà sílẹ̀. Bọ̀dá Káàtó lọ kí i lẹ́yìn ìsìn, ó bi í pé okùn mélòó-mélòó ló ń lò. Ọmọ náà ní, "Mẹ́fà ni, sà."

Orin mélòó ni Bọ̀dá mọ̀ ọ́n ta? Ó mọ ìbẹ̀rẹ̀ orin púpọ̀. Ìgbà tó bá ta á dé ìlà kẹrin, etí rẹ̀ á ti gbọ́ nǹkan kan, á dúró, á yí bọ́tìnì kan. N kò tíì gbọ́ òpin orin kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Inú mi kì í dùn láti sọ bẹ́ẹ̀, torí pé ìka rẹ̀ kò le. Ká ní ó fi ìdajì àkókò tó fi ń ka ìtàn fáàfù ta gìtá ni, àwa ni ìbá máa sanwó kí a tó gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n kò ṣàìwúlò. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra gìtá fún ọmọ yín, ẹ má lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ dúró di ìparí oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí bíìlì káàdì bá dé bá a, kí ẹ wá pè é. Á ta Epiphone yẹn fún yín ní ẹ̀dínwó, pẹ̀lú àpótí rẹ̀ àti áńpù kékeré yẹn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹ ò ní rí ibì kankan tó ti jẹ lára rẹ̀. Okùn nìkan ni kí ẹ pààrọ̀.