Ìran Ni Mo Lọ Wò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìlú ńlá ṣe ń dákẹ́, kó wá sí London lọ́jọ́ Kérésì gan-an. Bọ́ọ̀sì kò rìn, reluwé abẹ́ ilẹ̀ kò rìn. Láti 2004 ni òfin ti wà ní England àti Wales pé ilé ìtajà ńlá kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Bí iyọ̀ bá tán ní Peckham lọ́sàn-án Kérésì, àfi kéèyàn gbàdúrà pé kí ṣọ́ọ̀bù kékeré ẹ̀gbẹ́ ilé ṣí. Àdúgbò á pa lọ́lọ́ bí ìgbà tí Orò bá ń rìn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó ń tú jáde, tí wọ́n á máa du bàtà tí wọ́n já owó rẹ̀ wálẹ̀ ní Oxford Street.

Ní Ìgèdè-Èkìtì tiwa, kí Kérésì tó dé ni ariwo ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tí mo ti London wálé, nígbà tó ku ọ̀la, mo ní mo fẹ́ lọ wo ìran Adó, kí n sì ra nǹkan díẹ̀ bọ̀. Ìyàwó àbúrò mi, tó ń pè mí lọ́kọ, wo bàtà ẹsẹ̀ mi, ó wo ike omi tí mo gbá mọ́ra. Ó ní, “Ọkọ mi, wọ́n á fá yín lórí lónìí. Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ.”

A gba Ìyìn kọjá, a gba Basiri wọ Adó. Inú takisí há débi pé ìgbónwọ́ ẹlòmíràn ni mo fi ń nu òógùn. Mo nawọ́ wá bẹ́líìtì. Dírẹ́bà wò mí nínú dígí: “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ há báyìí, ibo lẹ fẹ́ já bọ́ sí?”

Gbàgede tí wọ́n fi sọrí Fajuyi ni mo kọ́kọ́ fẹ́ rí. Ọmọ Adó ni Adekunle Fajuyi, wọ́n bí i ní 1926. Òun ni gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn, òun náà ni wọ́n pa pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi tó jẹ́ olórí ìjọba ológun, n'Ìbàdàn ní oṣù Keje 1966. Akọni tiwọn ní London ni Nelson. Wọ́n gbé e sórí òpó tó ga tó nǹkan bíi mítà 52 ní Trafalgar Square, débi pé ẹyẹlé nìkan ló mọ bí imú rẹ̀ ṣe rí. Nítòsí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé igi Kérésì nàró sí, èyí tí àwọn ará Norway ń fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún láti 1947, láti fi dúpẹ́ oore ìgbà ogun. Igi ti 2021 rí játijàti débi pé ìlú fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ gbé irú igi bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Èkìtì lẹ́bùn ọdún ná, kẹ́ ẹ wò ó bóyá kò ní bi yín pé iṣu dà.

Mo gbé fóònù sókè kí n ya àwòrán. Àwọn ọmọ kan tó ti wọ aṣọ ọdún ṣáájú ọjọ́, àwò ike lójú wọn, wá tò síwájú mi. “Ẹ yà wá, mà.” Mo yà wọ́n, mo fún wọn lówó ọdún. Ìgbà tí mo fi máa gbójú sókè, àwọn mìíràn ti ń sáré bọ̀. Ìran ni mo wá wò. Ó ti ń ṣe mí bíi pé èmi gan-an nìran.

Ọjà Ọba wá fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ní London, ẹ̀rọ ló ń gbowó ọjà, ẹ̀rọ náà ló tún ń fura: ìwọ ra tòmátì jẹ́jẹ́, á ní nǹkan tí òun kò retí wà nínú àpò. O ó fi káàdì kàn án, á dún pí, ó parí. O lè máa ra búrẹ́dì níbẹ̀ títí wàá fi hu ewú, wọn ò ní mọ̀ bóyá o bímọ.

Ní Ọjà Ọba, mo tò sẹ́yìn ìyá kan tó ń ra ata. Ìyá náà yíjú padà.

“Ṣé ẹ mọ̀ mí ni?”

“Rárá, mà. Mo tò ni.”

Ó wo ẹ̀yìn mi, kò rí ẹnì kankan. “Ẹ tò?” Ó pe ẹlòmíràn kó wá wò mí. Kó tó pẹ́, ìròyìn ti dé ìsọ̀ ẹlẹ́ran pé àǹtí kan ti òkè òkun dé, ó ń tò. Lójú mi báyìí ni owó ẹran gbéra sọ.

Ìyàwó wa fà mí sẹ́yìn. “Ọkọ mi, ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́ títí a ó fi rajà tán.” Ó kọjú sí ẹni tó ń ta ìrẹsì Ìgbẹ̀mọ̀, ó ná an ní ìdajì iye tó pè. Oníìrẹsì ní kò gbà. Ìyàwó wa ṣe bí ẹni tó fẹ́ máa lọ. “Ẹ bọ̀, ẹ fowó sí i.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fà á tí inú àwọn méjèèjì ń dùn. Mo fẹ́ràn ìjà yìí ju ẹ̀dínwó Oxford Street lọ. Ẹ̀dínwó tibẹ̀, ara ìwé ni wọ́n kọ ọ́ mọ́. Kò sẹ́ni tó máa kí ọ kú ọdún kó tó yọ ọ́.

Tiransifá ni mo fi sanwó. Nẹ́tíwọ̀kì ò dára, a wá jókòó sórí àpò ìrẹsì, a ń retí álààtì. Kí álààtì tó dé, oníìrẹsì ti mọ ilé bàbá mi ní Ìgèdè, ó ti mọ iye ọmọ tí mo bí, ó ti bá mi wí pé mo rù, ó sì ti pe ọmọkùnrin rẹ̀ wá kí mi. Ọmọ náà mọ̀wé, ó ní, London nìkan ló kù. Fóònù dún. Ó ka álààtì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wọn ìrẹsì kún kóńgò títí ó fi ń dà sílẹ̀, ó wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ènì nìyẹn. Ó tún bu òmíràn. Mo ní ẹ ṣeun, mà.

Ó ní kí n má dúpẹ́, ti físà nìyẹn.