Bọ́ọ̀lù Tí Kò Kúrò ní Pálọ̀

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Uwani, lẹ́bàá Zik Avenue, ta àwọ̀n sí pálọ̀, ó gbé ẹ̀rọ tó ń wọn bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kalẹ̀, ó ní kí n wá dán ọ̀pá tuntun òun wò. Mo gbá a. Bọ́ọ̀lù fò bíi mítà mẹ́ta, ó ta mọ́ àwọ̀n, ó yí lọ sẹ́yìn àga ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rọ ní yáàdì 262. Nínú pálọ̀!

Irọ́ kọ́ o. Ẹ̀rọ tó ń lo kámẹ́rà máa ń ya bọ́ọ̀lù bó ṣe ń kúrò lẹ́nu ọ̀pá: bó ṣe yá tó, bó ṣe gbójú sókè, bó ṣe ń pòòyì. Ìyẹn ló rí. Yáàdì tó kù, ìṣirò ni. Oní-radar ní tirẹ̀ fẹ́ máa tọ bọ́ọ̀lù lẹ́yìn lójú òfuurufú, ṣùgbọ́n nínú yàrá, kó tó múra, àwọ̀n ti gbé e mì. Òmíràn á tilẹ̀ ní kí ẹ lẹ irin pélébé mọ́ bọ́ọ̀lù kóun tó lè ka òòyì rẹ̀ dáadáa.

Sátidé, a dé pápá ní GRA. 262 di 190, nínú koríko. Ọ̀rẹ́ mi ní afẹ́fẹ́ ni. Ìyàwó rẹ̀ ní òun mọ ibi tí yáàdì tó kù wà: ẹ̀yìn àga òun.