Ìdí Ọkọ̀ Lókè

Ilé la ń bọ̀. Gbogbo ìgbà ooru ni èmi àti Ìyá Délé fi wa ọkọ̀ kiri àwọn odò àtọwọ́dá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ìwé atọ́nà àwọn awakọ̀ ojú omi tí wọ́n ní kí n tún ṣe. Kí n wo ibi tí ẹ̀rọ omi wà, ilé ọtí tó ti kógbá sílé, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, ó parí. A kọjá ní Hatton lẹ́bàá Warwick, lọ́ọ̀kù 21 tó tò tẹ̀ lé ara wọn, nǹkan kan ò ṣe wá. Camden ni ọ̀rọ̀ wà, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́jọ́ Sátidé tí èrò ń wọ́ níbẹ̀, nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Hackney tí à ń so ọkọ̀ sí.

Lọ́ọ̀kù ni kòtò gígùn tí wọ́n mọ sójú odò, tó ní géètì lókè àti nísàlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó wa ọkọ̀ wọ inú rẹ̀ nígbà tó kún, ẹ ó ti géètì òkè, ẹ ó wá fi irin ọlọ́wọ́ kan yí pátákó tó dí ihò omi ìsàlẹ̀ sókè. Omi á máa jáde, ọkọ̀ á máa bá a lọ sílẹ̀. Okùn ńkọ́? Ẹ ó kàn lọ́ ọ mọ́ òpó etí lọ́ọ̀kù ni, kẹ́ ẹ di etí rẹ̀ mú, kẹ́ ẹ máa dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ so ó. Èmi ni mo kọ ìyẹn sínú ìwé ọ̀hún, mo ní kí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ̀ ẹ́.

Mo so ó.

Ilé olùṣọ́ lọ́ọ̀kù àtijọ́ ló fà á. Ó ti di ilé kọfí, mo sì fẹ́ kọ aago tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Mo bá èèyàn tó tò lọ bẹẹrẹ níbẹ̀, èmi náà sì tò. Ọdún 1820 ni wọ́n parí Regent's Canal, odò àtọwọ́dá tó gba Camden kọjá yìí, ẹṣin ló ń fa ọkọ̀ nígbà náà. Ẹṣin kì í lọ tò fún kọfí.

Igbe ni mo gbọ́. "Bàbá Délé! Kí lẹ fi ọkọ̀ yìí ṣe?" Ó wà nínú ilé ìdáná ọkọ̀, ó ń ro ẹ̀fọ́. Nígbà tí mo sáré dé, okùn ti le bí okùn gìtá, ìdí ọkọ̀ fi kọ́ lókè, imú rẹ̀ ń bá omi lọ. Irin tó lé ní tọ́ọ̀nù 15! Àwo ń fọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìkòkò ẹ̀fọ́ sì bọ́ lórí iná, ó gba yàrá lọ. Mo ń fi eyín tú okùn. Mo sáré lọ sídìí géètì, irin ọlọ́wọ́ yọ̀ lọ́wọ́ mi, gbùdùm, ó di tinú omi.

Àwọn tó ń jẹun létí omi ti yọ fóònù. Gbogbo ìgbà ooru yẹn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí níbi gbogbo tí mo bá gúnlẹ̀ sí: ta ló ni ọkọ̀? Wọn ò bi òyìnbó tó gúnlẹ̀ sẹ́yìn mi. Lọ́jọ́ tí mo wá ń wá ẹni tí yóò bi mí ní ohunkóhun, fídíò ni wọ́n ń yà. Ó ṣì ń bí mi nínú.

Obìnrin kan ló pariwo láàárín èrò: "Bọ̀dá, ẹ fi okùn sílẹ̀! Ẹ ti tìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ ṣí tòkè!" Ojoojúmọ́ ló ń gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó ní òun ti rí irú wa. Òun ló lọ yá irin lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ń dúró nísàlẹ̀. A dí ihò ìsàlẹ̀, a ṣí tòkè, omi tuntun wọlé, ó gbé ìdí ọkọ̀ àti imú dọ́gba, okùn dẹ̀ fúnra rẹ̀. Ká ní mo rí ọ̀bẹ ni, mo ti gé e, ọkọ̀ ìbá sì já lulẹ̀ pẹ̀lú Ìyá Délé nínú.

Kí a tó dé Hackney, fídíò ti dé Ìbàdàn. Ìyá mi pè.

"Mo rí ẹ o. Ṣé kò sí bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù ni?"

Ìyá Délé, tí ẹ̀fọ́ ṣì wà lórí gèlè rẹ̀, gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ẹ bá mi bi í, Màámi."