Ta Ló Ń Fọ Ìbọ̀wọ́ Rẹfirí?

(Ìsọ̀ Ìyá Bísí ni wọ́n wà, n'Íbàdàn, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Tábìlì kan wà níwájú ìsọ̀, àwọn ọmọkùnrin yí i ká. Tẹlifíṣọ̀n orí fìríìjì ń ṣàfihàn ìdíje Shoot Out láti Ìlú Ọba. Tíṣà Ọládélé, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, jókòó ti ìgò mọ́ọ̀tì kan.)

ÌYÁ BÍSÍ: Tíṣà, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sáré! Ọmọ òyìnbó yẹn ò tiẹ̀ fojú wọn bọ́ọ̀lù kó tó gbá a. Snúkà ti wá dùn báyìí o.

TÍṢÀ: Ìyẹn kì í ṣe snúkà. Wọ́n kàn gé e kúrú ni.

ÌYÁ BÍSÍ: Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Lánàá, ẹ ní èyí tó wà níwájú ìsọ̀ mi kì í ṣe snúkà. Lónìí, ti tẹlifíṣọ̀n náà kì í ṣe snúkà. Èwo ló wá kù nílé ayé? Àbí inú àpò yín lẹ fi í pamọ́ sí?

TÍṢÀ: Púùlù ló wà níwájú ìsọ̀ yín. Ẹ ò rí i pé nọ́ńbà wà lára bọ́ọ̀lù? Ẹnì kan á kó onílà, ẹnì kejì á kó aláìnílà, ẹni tó bá kọ́kọ́ kó tirẹ̀ tán á wá ti dúdú tó ní 8 lára sínú ihò. Ó parí. Ní ti snúkà, bọ́ọ̀lù 22 ló wà lórí tábìlì: pupa 15, aláwọ̀ mìíràn 6, àti funfun kan. Tábìlì rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, ìbú rẹ̀ sì tó 6.

ÌYÁ BÍSÍ: Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá! Tí n bá gbé e síbí, níbo ni kí n gbé ìkòkò pẹpẹsúùpù mi sí? Orí yín?

TÍṢÀ: Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé e síbí? Mo ń ṣàlàyé ni. Nínú snúkà, èèyàn á kọ́kọ́ ti pupa kan wọlé, máàkì 1 nìyẹn, kó tó kan aláwọ̀. Yẹ́lò 2, aláwọ̀ ewé 3, búráùn 4, búlúù 5, pińkì 6, dúdú 7. Bí pupa bá ti wọlé, ó lọ nìyẹn. Aláwọ̀ ní tirẹ̀, wọ́n á gbé e padà sáyè rẹ̀ títí pupa á fi tán. Ẹni tó bá fi dúdú tẹ̀ lé gbogbo pupa, tó wá kó àwọn aláwọ̀ tán lẹ́sẹẹsẹ, á ní 147.

ÌYÁ BÍSÍ: Ta ló ń gbé e padà?

TÍṢÀ: Rẹfirí. Èyí tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun yẹn.

ÌYÁ BÍSÍ: Mo ti ń wò ó tipẹ́. Mo rò pé òkú ló fẹ́ gbé.

TÍṢÀ: Kí òógùn ọwọ́ má bàa kan bọ́ọ̀lù ló ṣe wọ̀ ọ́. Bí bọ́ọ̀lù funfun bá dọ̀tí, ẹni tó fẹ́ gbá a lè ní kí rẹfirí bá òun nù ún.

ÌYÁ BÍSÍ: Ó wọ súùtù, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó tún ń nu nǹkan? Tíṣà, ẹ bá mi bi í léèlò ló ń gbà. Ẹ wo gbogbo àwo tó wà nílẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ sọ òótọ́ fún mi: ta ló ń fọ ìbọ̀wọ́ náà?

TÍṢÀ: Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?

ÌYÁ BÍSÍ: Ẹ mọ bí tábìlì ṣe gùn tó, ẹ mọ máàkì pińkì, ẹ ò wá mọ ẹni tó ń fọ ìbọ̀wọ́. Irú ìmọ̀ wo nìyẹn?

(Ìbéèrè náà kò burú. Tíṣà fi ẹnu kan ìgò rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀.)

TÍṢÀ: Òfin Shoot Out ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Fíréèmù ẹyọ kan ni wọ́n ń gbá, ìṣẹ́jú 10 péré. Ní ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú-àáyá 15 ni wọ́n fún èèyàn láti gbá bọ́ọ̀lù. Ní ìṣẹ́jú 5 tó kù, ó di 10. Bí àkókò bá ń tán lọ, aago á máa ké pí, pí, pí. Tó bá kọjá, fáùlù.

ÌYÁ BÍSÍ: Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá? Àwọn tó ti ń sọ pé "Ìyá Bísí, mo ń bọ̀ wá sanwó" láti oṣù tó kọjá ńkọ́? Níbo ni wọ́n ti ń ta aago yẹn?

TÍṢÀ: Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Bí bọ́ọ̀lù kankan ò bá wọlé, ó kéré tán, kí ọ̀kan fara kan etí tábìlì, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa fọwọ́ tọ́ bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ láti fi pa àkókò. Bí èèyàn bá ṣe fáùlù, ẹnì kejì á gba máàkì, á sì tún gbé bọ́ọ̀lù funfun síbikíbi tó bá wù ú. Tí aago bá lù, ẹni tó bá ń léwájú ló jẹ. Tí máàkì bá dọ́gba, wọ́n á máa gbá búlúù lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹnì kan á fi tàsé.

ÌYÁ BÍSÍ: Pẹnáríìtì nìyẹn.

TÍṢÀ: Búlúù ni mo ní.

ÌYÁ BÍSÍ: Pẹnáríìtì aláwọ̀ búlúù. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

TÍṢÀ: Ọdún 2011 ni wọ́n gbé e dé Blackpool. Òǹwòran ń pariwo, wọ́n ń kọrin, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dákẹ́. N kò bínú síyẹn, eré ni. Àmọ́ ní 2017, wọ́n kà á mọ́ ìdíje tó ń pinnu ipò àwọn agbá-snúkà lágbàáyé. Ohun tó dùn mí nìyẹn! Ní 2022, Hossein Vafaei, ọmọ Iran, ló gba ife náà, kò sì tíì sí ará Iran tó gba irú ife bẹ́ẹ̀ rí. Mark Williams tó ti gba ife àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹta ló nà ní àṣekágbá. Fíréèmù kan péré!

ÌYÁ BÍSÍ: Ẹ̀ẹ̀kan náà làwọn ọmọ iwájú yìí ń gbá tí ẹni tó bá pàdánù fi ń sanwó. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kankan ní òun ò san, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n na òun.

TÍṢÀ: Ẹ jẹ́ n sọ ojúlówó fún yín. Láti 1977, ilé ìṣeré Crucible ní Sheffield ni wọ́n ti ń du ife àgbáyé. Ọjọ́ 17 gbáko! Ní àṣekágbá, ẹni tó bá kọ́kọ́ gba fíréèmù 18 ló jẹ.

ÌYÁ BÍSÍ: Ọjọ́ mélòó?

TÍṢÀ: Mẹ́tàdínlógún.

ÌYÁ BÍSÍ: Ìbọ̀wọ́ mélòó nìyẹn?

TÍṢÀ: Ìyá Bísí! Ní 1985, Steve Davis tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo wọn ló pàdé Dennis Taylor, ọ̀gbẹ́ni kan tí awò ojú rẹ̀ fẹ̀ tó ojú fèrèsé. Davis kọ́kọ́ na Taylor ní 8 sí òdo. Taylor ń lé e bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi di 17 sí 17. Ó wá ku fíréèmù kan. Nínú fíréèmù náà, ó ku bọ́ọ̀lù dúdú nìkan. Ẹni tó bá ti í wọlé, òun ni ọba ayé.

ÌYÁ BÍSÍ (ó gbé ṣíbí kalẹ̀): Ta ló ti í wọlé?

TÍṢÀ: Davis gbá a, ó tàsé. Taylor wá ti í wọlé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ kìíní, kò léwájú rí àfi ìgbà yẹn. Ó ti kọjá aago méjìlá òru, èèyàn mílíọ̀nù 18.5 ló sì ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fíréèmù tó kẹ́yìn yẹn nìkan gba ìṣẹ́jú 68.

ÌYÁ BÍSÍ: Ìṣẹ́jú 68 lórí kọ́ìnì kan?

TÍṢÀ: Wọn kì í ki kọ́ìnì bọ tábìlì níbẹ̀.

ÌYÁ BÍSÍ: Ta ló wá ń san owó iná?

TÍṢÀ: Sixty-eight tiẹ̀ kéré. Ní 2017, Fergal O'Brien àti David Gilbert lo ju wákàtí méjì lọ lórí fíréèmù kan ṣoṣo. Ìṣẹ́jú 123.

(Kò yẹ kí Tíṣà sọ èyí. Ìyá Bísí jókòó, ó fa wrápà rẹ̀ mọ́ra.)

ÌYÁ BÍSÍ: Wákàtí méjì. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ní ibí ni Fergal àti Dáfídì ti ń gbá a. Wọ́n gba kọ́ìnì kan lọ́wọ́ mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Fergal tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù, ó ń ronú. NEPA múná lọ, Fergal ṣì ń ronú. Mo tan jẹnẹrétọ̀, owó epo ti ju owó kọ́ìnì lọ nìyẹn. Àwọn ọmọ tó wà lórí ìlà ní àwọn ń lọ sí ìsọ̀ Ìyá Ṣadé. Dáfídì wá fi ṣọ́ọ̀kì ra orí ọ̀pá. Ó tún fi ra á. Ó wo bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù wò ó. Pẹpẹsúùpù ti tutù, mo gbé e padà sórí iná. Rẹfirí tí wọ́n gbé wá láti Sheffield, èéfín jẹnẹrétọ̀ ti sọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ di búráùn. Máàkì mélòó lẹ ní búráùn?

TÍṢÀ: Mẹ́rin.

ÌYÁ BÍSÍ: Kí wọ́n fún rẹfirí ní mẹ́rin. Nígbà tí Fergal bá wá jẹ, ṣé á ra ọtí? Kò ní í ra. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ilé ló ń lọ. Tíṣà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ẹ bá mi ṣe ìṣirò ẹ̀.

TÍṢÀ: Eré ìkánjú kọ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Àwọn ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Jabalpur, ní India, ni wọ́n ní wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1875, nígbà òjò, tí wọn ò ríbi lọ.

ÌYÁ BÍSÍ: Ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ? Àwọn tí kò ríbi lọ, tí owó oṣù wọn ń wọlé, ni wọ́n dá a sílẹ̀.

TÍṢÀ: Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbá kò nílò aago. Ní 1997, Ronnie O'Sullivan kó 147 ní Crucible, ìṣẹ́jú mẹ́fà ò pé. Kò sẹ́ni tó fi aago lé e.

ÌYÁ BÍSÍ: Ọmọ dáadáa. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́.

TÍṢÀ: Ní 2005, níbẹ̀ náà, ó pàdé Peter Ebdon. Ebdon lo ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ láti kó máàkì 12.

ÌYÁ BÍSÍ: Àbí 120?

TÍṢÀ: 12. Ó sú Ronnie débi pé ó bi òǹwòran kan pé aago mélòó ló lù. 8 sí 2 ni Ronnie ti ń nà án tẹ́lẹ̀ o. Ebdon fi ìfarabalẹ̀ ṣe é títí, ó jẹ ní 13 sí 11. Ṣé ẹ rí i? Bọ́ọ̀lù wíwọlé nìkan kọ́ ni snúkà. Tí n kò bá rí èyí tí mo lè ti wọlé, màá fi funfun pamọ́ sẹ́yìn òmíràn, kí ọ̀tá mi má rí pupa gbá, kó ṣe fáùlù, ó kéré tán kí n gba máàkì 4. Odindi ìdajì eré náà nìyẹn, Shoot Out ò sì fún un láyè.

(Tíṣà jàre níbí, mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹnì kan wá ra kọ́ìnì, Ìyá Bísí kò gbọ́ ju "ọ̀tá mi" lọ.)

ÌYÁ BÍSÍ: Ẹ ní ta ni ọ̀tá yín?

TÍṢÀ: Ẹ fi í sílẹ̀. Kì í ṣe Shoot Out nìkan ni wọ́n fi ba nǹkan jẹ́. Wọ́n gbé Power Snooker dé London ní 2010: pupa mẹ́sàn-án péré, ọ̀kan nínú wọn ń sọ máàkì di ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn 2011, a ò rí i mọ́. Àwọn ará Thailand ń gbá èyí tó ní pupa 6, 75 lòpin rẹ̀. Ní 2024, ní Saudi Arabia, wọ́n fi bọ́ọ̀lù góòlù kún un. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó 147 ló lè gbá a, ó ní máàkì 20.

ÌYÁ BÍSÍ: Góòlù gidi?

TÍṢÀ: Rárá.

ÌYÁ BÍSÍ: Ẹ má yọ mí lẹ́nu nígbà náà. Ta ló tiẹ̀ mú aago wọ ọ̀rọ̀ yìí?

TÍṢÀ: Barry Hearn. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe Mosconi Cup, ìyẹn púùlù tí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń gbá láti 1994, pẹ̀lú aago ìṣẹ́jú-àáyá 30 àti òǹwòran tó ń pariwo. Nígbà tó gba àkóso snúkà ní 2010, ó kó aago àti ariwo wọ ibẹ̀ náà, kí tẹlifíṣọ̀n lè rí nǹkan fi hàn. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, òun ló ń ṣe alákòóso fún Steve Davis.

ÌYÁ BÍSÍ: Davis wo? Èyí tí wọ́n nà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 68?

TÍṢÀ: Òun náà ni.

ÌYÁ BÍSÍ: Ẹ̀n-ẹ́n! Ìdí nìyẹn tó fi ra aago! Oníṣòwò gidi. Ó jókòó lóru, ó ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń fi ìṣẹ́jú 68 pàdánù, ó ní kò ní í ṣẹlẹ̀ lójú òun mọ́. Bá a ṣe ń ṣe níwájú ìsọ̀ mi látọjọ́ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú rí. Ẹ bá mi kí Barry.

TÍṢÀ: N kò mọ̀ ọ́n.

ÌYÁ BÍSÍ: Ẹ ò mọ ẹni tó ń fọ ìbọ̀wọ́, ẹ ò mọ Barry. Tíṣà, mọ́ọ̀tì kan lẹ ti ń mu láti aago mẹ́rin. Owó mi dà?

TÍṢÀ: Mo ń bọ̀ wá…

ÌYÁ BÍSÍ: Pí. Pí. Pí.

TÍṢÀ: Ìyá Bísí, ẹ ṣe sùúrù, inú àpò kejì ló…

ÌYÁ BÍSÍ: Fáùlù! Ẹ ní tẹ́nì kan bá ṣe fáùlù, ẹnì kejì á gbé e síbi tó bá wù ú.

(Ó ṣí fìlà lórí Tíṣà, ó gbé e sókè fìríìjì.)

TÍṢÀ: Bọ́ọ̀lù funfun ni mo ní! Ẹ fún mi ní fìlà mi!

ÌYÁ BÍSÍ: Ẹ lọ wọ ìbọ̀wọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.