Màámi Kì Í Sè É Báyìí

Kò sí àdúgbò tí ẹ kò ti lè rí Ọ̀gbẹ́ni Màámi-kì-í-sè-é-báyìí. Ìdí àwo ni ẹ ó ti dá a mọ̀, kì í ṣe ìdí iná. Wọ́n á gbé àmàlà síwájú rẹ̀, á bu òkèlè kan, á rọra gbé e mì, ojú rẹ̀ á sì le bí ojú adájọ́ tó fẹ́ dá ẹjọ́ ikú. "Kò burú," ni yóò kọ́kọ́ wí, nítorí ọmọlúàbí ni. Gbólóhùn tí ìyàwó rẹ̀ ti ń retí á wá tẹ̀ lé e: "Àmọ́, màámi kì í sè é báyìí." Bí wọ́n bá bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń sè é, á ní, "Tiwọn ṣáà máa ń dùn." Gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Èmi ò bá a jà pé ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọbẹ̀ tó fi ń díwọ̀n ti ẹlòmíì yẹn kò dúró sójú kan rí. Ìyá rẹ̀ ń wo ọjà, ó ń wo owó ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń sè é bí ọjọ́ bá ṣe rí. Bí tòmátì bá wọ́n, á fi tàtàṣé lé e. Bí kò bá sí ẹran, pọ̀ǹmọ́ àti pańla á dé. Irú àti iyọ̀ ni ìyá-ìyá rẹ̀ gbára lé. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ ju kúùbù Maggi sí i, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní Switzerland lọ́dún 1908, ó tún bu kọ́rì àti táìmù lé e lórí. Àní ata rodo fúnra rẹ̀, àti tòmátì, àti ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń fi ṣe láfún, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Àwọn Potogí wà lára àwọn tó kó wọn dé etíkun wa lẹ́yìn 1492. Iyèré àti ataare ló ń ta nínú ọbẹ̀ kó tó di ìgbà náà. Ó dá mi lójú pé ọkùnrin kan á ti wà tó tọ́ ọbẹ̀ ata rodo àkọ́kọ́ wò, tó ní màámi òun kì í sè é báyìí.

Àwọn kan á ní ọwọ́ ìyá yàtọ̀, pé ahọ́n kì í gbàgbé. Òótọ́ ni. Ata orí ọlọ kì í ṣe ẹgbẹ́ ata inú bùlẹ́ńdà, ewédú tí wọ́n sì fi ìjábẹ̀ jà, tí kán-ún bíńtín wà nínú rẹ̀, máa ń fà dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ló wà nídìí ọlọ? Ẹ̀gbọ́n ọ̀gbẹ́ni wa obìnrin ni, tí ata ń ta á lójú, nígbà tí òun ń gbá bọ́ọ̀lù níta. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yẹn kí ẹ bi í. Á sọ bóyá irú wooro ni tàbí irú pẹ̀tẹ̀, á sì sọ pé lọ́dún tí epo gbówó lórí, ọbẹ̀ ò pọ́n. Òun tó mọ̀ ọ́n sè kì í fi ìyá dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Wọ́n á tún ní bí kò bá sí irú ọ̀gbẹ́ni yìí, oúnjẹ ìbílẹ̀ á parun. Ẹni tó ń rin ewùrà ni kì í jẹ́ kí ìkọ́kọrẹ́ parun, kì í ṣe ẹni tó ń dúró dè é. Obìnrin tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò rí ṣọkọ rà, tó fi ẹ̀fọ́ sípínáàṣì inú fìríìsà ro ẹ̀fọ́, ti ṣe ju ti ọ̀gbẹ́ni wa lọ.

Ó sì tún kù. Bí ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ bá wá kí i, tó wọ ilé ìdáná, tó sè é, ọ̀gbẹ́ni wa á jẹ ẹ́, á gbọnrí, á ní, "Ẹ má bínú, màámi, èyí ò rí bíi ti àtijọ́." Màámi á wò ó láti òkè délẹ̀. "Ebi ló ń pa ọ́ nígbà yẹn."