Ẹ Bá Wa Mú Gbọ̀ngàn Náà Fẹ̀ Sí I

Wọ́n ní àwọn ará Ìkejà àti Agége ń pọ̀ sí i, pàǹtírí tí wọ́n ń dà náà ń pọ̀ sí i, nítorí náà ó yẹ kí á mú ilé-iṣẹ́ tí ń fi pàǹtírí ṣe iná mànàmáná gbòòrò. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: ilé-iṣẹ́ wo gan-an ni ká mú gbòòrò?

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé Èkó kò gbìyànjú rí. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, wọ́n náwó tó tó míliọ̀nù 10 dọ́là lórí àwọn ẹ̀rọ tí yóò máa sun ìdọ̀tí. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wọn kò le: ẹ gba pàǹtírí Èkó, ẹ sun ún di eérú. Ìgbà tí pàǹtírí dé iwájú ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀bà àná, omi ọbẹ̀, ewé mọ́ínmọ́ín, ọsàn jíjẹrà. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kó tó lè jó, wọ́n ní láti máa da epo sí i, owó epo sì ju ohun tí wọ́n ṣírò lọ. Ẹni tó bá ti fi igi tútù dáná lówùúrọ̀ òjò rí mọ bó ṣe máa ń rí: kẹrosíìnì á tán, ọbẹ̀ kò ní hó, ojú á máa ṣomi. Àkìtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Ẹ̀rọ ní tirẹ̀ kọ̀ ọ́.

Wọ́n pa ọ̀kan tì. Èkejì, wọ́n sọ ọ́ di gbọ̀ngàn àwùjọ. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, UNEP, àjọ àyíká ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ló kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ ò rí i bó ṣe dára tó? Ẹ̀rọ lè kọṣẹ́ nígbàkígbà, gbọ̀ngàn kì í kọṣẹ́. Bí èrò bá sì ń pọ̀, gbọ̀ngàn ló yẹ kó fẹ̀. Ṣé ẹ mọ iye òkú tí wọ́n ń ṣe ní Ìyànà Ìpájà nìkan lọ́jọ́ Sátidé kan? Àbá mi ni pé, nígbà mìíràn tí ìjọba bá fẹ́ ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kó kúkú fo ẹ̀rọ náà, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí gbọ̀ngàn, ká lè rí owó ra àga. Jẹnẹrétọ̀ la ó fi tan iná ibẹ̀.

Ẹ má sì rò pé pàǹtírí Èkó kì í jó. Ó ń jó, ìgbà tó bá wù ú ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2018, àkìtàn Olúṣọ́sùn ní Ọ̀jọ́tà, tí kò jìnnà sí àwọn ilé-iṣẹ́ Orégún, gbiná, èéfín bo àdúgbò, ìjọba sì ti ibẹ̀ pa fúngbà díẹ̀. Ìyẹn kò ná wa ní dọ́là kan, kò sì fún wa ní wáàtì kan. Láti 1992 la ti ń kó ìdọ̀tí tútù jọ síbẹ̀, òkè lórí òkè. Èyí tó wà nísàlẹ̀, níbi tí atẹ́gùn kò dé, ń jẹrà, ó sì ń tú gáàsì mẹ́téènì jáde. Mẹ́téènì yìí kan náà ló pọ̀ jù nínú gáàsì tí páìpù ń gbé wá fún àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkejà, tí wọ́n ń sanwó rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2024, owó iná àwọn oníbàárà tí wọ́n pè ní Band A, tí iná wọn ń pẹ́ jù, fò láti náírà 68 sí náírà 225 fún yúníìtì kan. Ní Ọ̀jọ́tà, gáàsì ń fò lọ sọ́run lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn tó bá ti rìnrìn àjò á sọ pé ṣebí Sweden ń gba pàǹtírí orílẹ̀-èdè míì wọlé kó lè rí nǹkan sun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ará Sweden ti ya àjẹkù oúnjẹ sọ́tọ̀ kí ìyókù tó dé inú iná. Tiwa yí padà: àwọn ọmọ bọ́lá ti ṣa páálí, ike àti irin lọ kí ọkọ̀ akólẹ̀ PSP tó dé. Omi ọbẹ̀ ló kù fún ìjọba.

Síbẹ̀, ní 2024, ìjọba Èkó tún bá Harvest Waste Consortium ti Nẹ́dálándì tọwọ́ bọ̀wé: ní Ẹ̀pẹ́, wọn yóò máa lo 2,250 tọ́ọ̀nù pàǹtírí lójúmọ́, wọn yóò sì mú mẹgawáàtì 60 sí 75 wá. Ó dùn létí. Iye tí ìjọba fúnra rẹ̀ ní Èkó ń dà lójúmọ́ sì jẹ́ 13,000 tọ́ọ̀nù. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ẹ̀rọ òde òní mọ omi ọbẹ̀ jẹ ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n láti Agége dé Ẹ̀pẹ́! Ọkọ̀ akólẹ̀ tó bá kúrò ní Pen Cinema ní ìdájí, ẹ bá mi wo gbogbo súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí yóò là kọjá. Ó yẹ kí wọ́n yọ dísù tí yóò jó lọ́nà kúrò nínú mẹgawáàtì náà.

Ọ̀nà mìíràn wà tó rọrùn: ohun tó tutù, ẹ jẹ́ kó jẹrà nínú ìkòkò tí a dé pa, kí ẹ gba gáàsì rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ibùdó Songhai tí Àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985 ń fi ìgbẹ́ ẹran àti ti ènìyàn ṣe gáàsì. Ní Ìbàdàn, Joseph Adélégàn gbé ètò kan kalẹ̀ fún odò ẹran Bódìjà, pé kí wọ́n fi ẹ̀gbin ibẹ̀ ṣe gáàsì; ètò náà gba ẹ̀bùn SEED ní 2005. LAWMA, àjọ tó ń bójú tó ìdọ̀tí Èkó, pàápàá ti dán an wò ní ọjà èso Ikòsí ní Kétu, wọ́n fi èso jíjẹrà tan iná.

Agége wá ní odò ẹran tirẹ̀ ní Oko Ọba. Láràárọ̀ ni àwọn alápatà ń tú àpòlùkù màlúù níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ìgbẹ́ ń kún gọ́tà. Kò sí ẹni tó ní láti wa ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó nílò iná kò jìnnà, ní Ọ̀gbà àti Ọba Akran. Kí ló wá dé tí kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya fọ́tò ìtọwọ́bọ̀wé, tí wọ́n ń na bírò sókè, tí wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́? Láti ọ́fíìsì ìjọba ní Aláúsá dé Oko Ọba, dánfó méjì péré ni. Kò gba físà, kò gba owó òtẹ́ẹ̀lì. Bí àwọn alápatà bá lè gbé odò ẹran náà lọ sí Amsterdam fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, ìwé àdéhùn yóò ti jáde kí màlúù àkọ́kọ́ tó dúbúlẹ̀.