Ìjàpá àti Ewéko tí Kò Lóríkì

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo.

Ní ọdún kan, ẹ̀ẹ̀rùn mú ní Òkè-Ògùn. Odò Ògùn, tí ó ń ti àárín àwọn òkè ẹ̀bá Ṣakí ṣàn wá, fà títí ó fi ku adágún níhìn-ín, adágún lọ́hùn-ún. Lórí ọ̀kan ni Ojú-oró tẹ́ rẹrẹ sí bí agbádá òfì Ìsẹ́yìn. Gbòǹgbò rẹ̀ ń mì dìrọ̀dìrọ̀ nínú omi, kò kan ilẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ń lùlù fún un tọ̀sán-tòru: “Ẹ̀yin lẹ lékè omi!”

Ojú kòkòrò mú Ìjàpá. Ó gun igbá ńlá, ó jókòó sáàárín ojú-oró, ó ní kí wọ́n máa ki òun náà. Ọ̀pọ̀lọ́ kò kọ̀. Ẹni tó bá ṣáà ti wà lókè ló ń kì.

Yánníbo dúró létí odò, ó ní, “Baálé mi, kí lẹ dì mú?”

Ìjàpá ní, “Ẹni tó lékè, kí ló tún fẹ́ dì mú?”

Ewéko wẹ́wẹ́ kan wà lára àpáta, níbi tí omi ti máa ń já wìì. Kò lóríkì. Ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí irun, ara rẹ̀ rọ̀, ó lẹ̀ mọ́ òkúta bí àtè. Bí omi ti fà ló yára tanná, ó so èso, ó sì ń gbẹ lọ. Ìjàpá rẹ́rìn-ín: “Òtòṣì! Ìwọ tí omi ń gùn lórí!”

Ewéko ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kójò dé ná.”

Òjò dé. Omi kan èso ewéko, ó ń yọ̀ bí ilá, ó lẹ̀ mọ́ òkúta, ó hù. Bí odò ti ń ga ni Ìjàpá náà ń ga, inú rẹ̀ ń dùn. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, àgbàrá ya wọ odò. Àwọn ọmọ ewéko fohùn sórin:

Omi ń bọ̀ láti Ṣakí,
*Tẹ̀ fún un, kó kọjá.*
Ewé tó fẹ̀ lomi rí gbá,
*Tẹ̀ fún un, kó kọjá.*
Ewé tín-ín-rín, omi ò rí mú,
*Tẹ̀ fún un, kó kọjá.*
Ìjàpá, di òkúta mú,
*Tẹ̀ fún un, kó kọjá.*

Ìjàpá ní òun kì í tẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Òṣíbàtà tó ta gbòǹgbò sínú ẹrẹ̀ pàápàá, omi fa ewé rẹ̀ ya. Omi gbá Ojú-oró, ó gbá igbá, ó gbá Ìjàpá mọ́ àpáta kan dé òmíràn, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ sán yángáyángá. Adágún ìdídò Ìkéré, nítòsí Ìsẹ́yìn, ló gbé e dé. Ewéko tẹ̀, omi gba orí rẹ̀ kọjá.

Àwọn ẹja Ìkéré bi Ìjàpá pé kí ló gbé e wá. Ó ní wọ́n rán òun níṣẹ́ ni, òun ni alága tuntun. Kó tó nujú tán, Ọ̀pọ̀lọ́ ibẹ̀ ti mú ìlù: “Ẹ̀yin lẹ lékè omi!”

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó lékè omi lomi kọ́kọ́ ń gbé lọ. Bí wọ́n bá ṣàdúrà fún yín pé ẹ ó lékè, ẹ ṣe àmín, kí ẹ sì wá òkúta dì mú.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró; bí n kò bá purọ́, kí ó ró: pó, pó, pó!